Òrùlé Tó Dúró De Rọ́kẹ́ẹ̀tì

Bí o bá ti ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Bassa ní Douala rí, o mọ òórùn tí mo fẹ́ sọ: òórùn ọkà tí wọ́n ń sè ní ilé iṣẹ́ ọtí, tó ń dùn díẹ̀, tó ń kan díẹ̀, tó máa ń wọ inú aṣọ ènìyàn láàárọ̀ tí yóò sì bá a délé nírọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn odi ilé iṣẹ́ ọtí yẹn gan-an ni ọ́fíìsì wa wà. Ẹrù la máa ń bá àwọn oníbàárà gbà jáde ní èbúté Douala ní Cameroon, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní transit níbẹ̀, èmi sì ni wọ́n gbà pé kí n máa gbọ́ èdè gbogbo ayé: Faransé fún àwọn aṣọ́bodè, Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn oníbàárà, Pidgin fún àwọn awakọ̀, Yorùbá fún ara mi nígbà tí inú bá ń bí mi. Inú sì máa ń bí mi dáadáa nígbà yẹn. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ọkà sísè níbikíbi, ọ̀rọ̀ òrùlé Ìyá Onípáànù ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọtí.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwọn kọ̀ǹténà kan wọlé láti ilẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọkùnrin mẹ́ta sì tẹ̀lé wọn wá, oníkálukú láti orílẹ̀-èdè tirẹ̀. Mi ò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè kankan, torí mi ò fẹ́ wàhálà, àwọn náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ ara wọn. Ohun tí oníkálukú mú wá ni mo fi ń pè é nínú ọkàn mi. Ọ̀kan ni Ọlọ́kọ̀, ọkùnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń bá ẹni tó bá lówó gbé nǹkan lọ sójú òfurufú. Ìkejì ni Olójú, torí orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ló ni sátẹ́láìtì tí wọ́n fẹ́ gbé lọ. Òun kúrú, ó sanra díẹ̀, ó sì fẹ́ràn bọ̀ọ̀lì etí títì ju oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì lọ. Ìkẹta ni Onídígí, torí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló ṣe dígí tó wà nínú sátẹ́láìtì náà, dígí tí wọ́n fi ń wo ilẹ̀ láti òkè. Òun ni kì í fi àpò rẹ̀ sílẹ̀, ì báà jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń lọ.

Abọ́ áńtẹ́nà ńlá kan ni wọ́n wá gbé kalẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà yóò gbéra láti òdì kejì òkun. Tó bá ti fò dé orí òkun tiwa, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ níbí tí yóò máa gbọ́ ohùn rẹ̀, tí yóò sì mọ̀ bóyá sátẹ́láìtì ti kúrò lórí rẹ̀ láyọ̀ tàbí nǹkan ti bàjẹ́. Ilẹ̀ kan ni wọ́n háyà ní Yassa, lẹ́bàá ọ̀nà Yaoundé. Wọ́n ní ká sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ojú ọjọ́ ni wọ́n fẹ́ máa yẹ̀ wò. Àwọn tó wà lókè pátápátá mọ òótọ́, ó dá mi lójú. Àwa tó wà nísàlẹ̀ ni wọn ò fẹ́ kó mọ̀.

Olójú ló tú àṣírí náà fún mi fúnra rẹ̀, nínú ọkọ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa lọ́nà Yassa. Ó ń jẹ bọ̀ọ̀lì lọ, ó ní orílẹ̀-èdè àwọn ní aládùúgbò kan tó le, tó ń kó ọmọ ogun lọ sẹ́nu ibodè, tó ń kó wọn kúrò. Bí àwọn bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe, àfi kí àwọn lọ bẹ àwọn ọ̀rẹ́ tó ní sátẹ́láìtì. Àwọn ọ̀rẹ́ yẹn a sì fún wọn ní àwòrán tó bá wù wọ́n, lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn fi ra ojú tiwọn. Mo ní, “Ẹ fẹ́ máa yọjú wo inú ilé aládùúgbò yín, ẹ ò wá pè é ní ojú ọjọ́.” Ó rẹ́rìn-ín títí bọ̀ọ̀lì fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un lọ́rùn. Ó ní, “Madame, ṣé ẹ̀yin kì í yọjú ni?”

Ìyá Onípáànù ni gbogbo Yassa ń pe obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí wá já lé lórí, torí páànù òrùlé ló ń tà, àti ìṣó, àti irin, ní ṣọ́ọ̀bù kan létí títì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, bíi tèmi, Màmá ni mo sì máa ń pè é. Ìjọ kan náà là ń lọ ní Bonamoussadi. Iwájú ni òun máa ń jókòó, èmi a jókòó lẹ́yìn kí n lè tètè sá jáde bí ìwàásù bá gùn. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ló ń kọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì pẹ́ gan-an lórí rẹ̀, ó ń ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀ bí ọjà bá ṣe ń lọ sí. Obìnrin tó ti ta páànù tó bo ìdajì Yassa, inú ilé àháyà tó ń jò ni òun fúnra rẹ̀ ń sùn. Bí a bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun a ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bo àwọn ẹlòmíì ná.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn, òun ló sì sìn ín dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tó ń bọ̀ ní Cameroon. Ojú ẹ̀gbọ́n yìí ń ṣú lọ. Dókítà ti sọ pé èyí tó ti lọ níbẹ̀ kò ní padà, èyí tó kù náà kò ní pẹ́. Màmá máa ń ya àwòrán ilé náà ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n a ní, “Wọ́n ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi o, ṣùgbọ́n mi ò rí nǹkan kan nínú fóònù. Mò ń bọ̀ wá fojú ara mi rí i kí ilẹ̀ tó ṣú.” Wọ́n ti mú ọjọ́, wọ́n ti gba tíkẹ́ẹ̀tì báàlù. Òrùlé nìkan ló kù.

Nígbà tí àwọn àjèjì háyà ilẹ̀ wọn lẹ́yìn ibẹ̀, ilé Màmá kò tíì ga ju fèrèsé ìsàlẹ̀ lọ. Wọ́n wo ọ̀kánkán ibi tí oòrùn ń wọ̀, òfurufú mọ́ gaara, wọ́n ní ibẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọba wọn ń ṣèpàdé lórí ìpàdé, ọjọ́ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì máa gbéra ń sún síwájú, bẹ́ẹ̀ Màmá kò bá ẹnikẹ́ni ṣèpàdé ní tirẹ̀, ó ń kọ́lé. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbójú sókè, ilé ti dé àjà kejì, pákó òrùlé ti wà nílẹ̀. Ògiri nìkan kò dí wọn lọ́wọ́. Ṣóńṣó òrùlé ni yóò dí abọ́ náà lójú, ní ìsàlẹ̀ òfurufú níbi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti máa yọ, ìgbà tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ jù.

Ọ̀gá mi pè mí. Ọmọ Douala ni, ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó ní, “Va voir ta mère,” pé kí n lọ rí ìyá mi, torí èmi àti Ìyá Onípáànù la jọ gbọ́ èdè ara wa. Kí n sọ fún un kó dúró díẹ̀ kó tó kan páànù. Mo ní, dúró de kí ni? Ó gbé èjìká sókè, ó ní ohun tí wọ́n sọ fún òun nìyẹn. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Yassa, mo kúnlẹ̀ kí Màmá láàárín àwọn páànù rẹ̀.

“Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ajé á wọ igbá o.”

“Àmín o, ọmọ mi. Ìṣó kọ́ lo wá rà, mo mọ̀. Kí ló dé?”

“Wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ ṣì ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ tó kan páànù mọ́ ilé yín.”

“Àwọn wo?”

“Àwọn àjèjì tó wà lẹ́yìn ilé yín.”

“Èwo nínú wọn?”

“Gbogbo wọn ni, Màmá.”

“Gbogbo wọn kì í rán ènìyàn níṣẹ́, ọmọ mi. Ẹnì kan ló ń ránni. Ta ló rán ọ?”

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún. Èmi ò mọ ẹni tí mo máa bẹ̀rù, ojú Màmá nìkan ni mò ń rí. Mo padà sí Bassa, mo bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́kọ̀ ní sátẹ́láìtì Olójú ni, kí Olójú lọ bẹ̀bẹ̀. Olójú ní abọ́ Ọlọ́kọ̀ ni, Ọlọ́kọ̀ ló yẹ kó lọ. Onídígí ní òun kò tilẹ̀ sí ní Cameroon. Nínú ìwé, ìsinmi ni òun wà. Ìsinmi, ní Bassa! Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣeré, kò ṣeré.

Lọ́jọ́ kejì, àpòòwé owó kan délẹ̀ lórí tábìlì mi, wọ́n ní kí n gbé e fún un. Màmá kò ṣí i. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní, “Bí mo bá gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn lónìí, ó yẹ kí n lè lọ kí i láàárọ̀ ọ̀la pé ẹ kú àná. Ta ni n óò lọ kí? Ògiri? Gbé e padà fún wọn. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá síbí lójú ara wọn. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni.” Nígbà tí mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ kú àná yẹn fún Ọlọ́kọ̀, ó bi mí bóyá owó náà ló kéré.

Wọ́n wá ṣá, ní ọ̀sán Sátidé, ìgbà tí wọ́n rí i pé káfíńtà ti ń wọn pákó. Màmá gbé ìjókòó fún wọn láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó bu omi tútù fún wọn, ó dúró títí oníkálukú fi mu ún. Èmi jókòó sórí páálí ìṣó, mò ń túmọ̀.

“Wọ́n ní ojú ọjọ́ lẹ ń yẹ̀ wò,” Màmá ní.

Ọlọ́kọ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi sọ ọjọ́ tí òjò ńlá máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, torí òun ni èmi ń bá sáré.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìwọ náà mọ òjò Douala, bó bá ti dé, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo ara wọn. Awakọ̀ wa tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní “Ashia!”, Pidgin fún “ẹ pẹ̀lẹ́”, ó yára jáde lọ rẹ́rìn-ín níta. Mo fi ìbòrí mi nu ojú, bí ẹni pé ooru ló mú mi.

Olójú ló kọ́kọ́ gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Ọlọ́kọ̀ di apá rẹ̀ mú, ó já a gbà. Ó kọjú sí Màmá, kò kọjú sí mi, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ fún mi nínú ọkọ̀: aládùúgbò wọn, ibodè, àwọn ọ̀rẹ́ tó ń fún wọn ní àwòrán nígbà tó bá wù wọ́n. Ó ní àbúrò òun wà lára àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ibodè náà. Ìyẹn, kò sọ fún mi rí. Màmá gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wá ní, “Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.” Mo túmọ̀ rẹ̀, Olójú ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, ó sì ń mi orí lọ́ra.

Ìgbà yẹn ni Màmá sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún wọn. Ó ní ohun kan náà ni òun àti ọkùnrin yìí jọ ń wá, ẹ̀gbọ́n òun náà ti gba àwòrán títí, ó ti sú u, ojú ara rẹ̀ ló fẹ́ fi rí i, kò sì lójú tó máa fi dúró pẹ́. “Nítorí náà, mo gbọ́ tiyín, kí ẹ gbọ́ tèmi. N óò dúró títí di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi máa dé. Bí ọkọ̀ yín bá ti lọ, ọpẹ́ ni. Bí kò bá tíì lọ, ìṣó á wọ pákó.” Ó ní kí oníkálukú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà. Wọ́n sọ ọ́, àní Onídígí tó wà nínú ìsinmi pàápàá. Kò tíì ṣẹlẹ̀ lójú mi rí kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò sórí nǹkan kan.

Ǹjẹ́ wọ́n lè jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀? Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni wàhálà dé láti òkè. Aládùúgbò líle yẹn ti gbọ́ nípa sátẹ́láìtì náà, ó sì jẹ́ oníbàárà ńlá fún orílẹ̀-èdè Onídígí. Ó pariwo mọ́ wọn. Orílẹ̀-èdè Onídígí bá ní àwọn gba àṣẹ àwọn padà, dígí àwọn kò gbọdọ̀ wo ọ̀rẹ́ àwọn. Ọlọ́kọ̀ ní bí Onídígí kò bá fọwọ́ sí i, ìjọba tirẹ̀ kò ní jẹ́ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra, àdéhùn wọn nìyẹn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ti dúró, sátẹ́láìtì ti wà lórí rẹ̀, ẹnu àwọn àgbààgbà ni kò kò. Ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Bonamoussadi, ẹni mẹ́ta tó ń jẹun lórí tábìlì kan wá di ẹni tábìlì mẹ́ta.

Èmi wá di ẹni tó ń rìn láàárín tábìlì. Ọlọ́kọ̀ á ní, “Sọ fún un pé òpùrọ́ ni ìjọba wọn.” Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo máa ń dé ọ̀dọ̀ Onídígí, mo máa ń ní, “Ó ní ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà kò yé òun dáadáa.” Olójú tó ń gbọ́ méjèèjì a tẹ orí ba sínú àwo oúnjẹ rẹ̀, èjìká rẹ̀ a máa mì. Mo ti rí tọkọtaya tó ń fi ọmọ ránṣẹ́ síra wọn nínú yàrá kan náà, mi ò mọ̀ pé orílẹ̀-èdè náà ń ṣe é.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀nà àbáyọ wà. Olójú ti ń sọ ọ́ tipẹ́: kí wọ́n fi irin gbé abọ́ náà ga sókè, kó lè máa wo orí òrùlé kọjá, ó parí. Ṣùgbọ́n irin ta ni? Nínú àdéhùn wọn, abọ́ jẹ́ ti Ọlọ́kọ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ jẹ́ ti Olójú, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ irin abẹ́ rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá fẹ́ fi kún un, àfi kí olú-ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i, àwọn olú-ìlú náà kò sì gbé fóònù ara wọn mọ́. Ó wá rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti fẹnu kò pé kí obìnrin kan wà láìní òrùlé, ju kí wọ́n fẹnu kò lórí ẹni tó máa ra irin.

Òjò kò dúró de ìpàdé. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo tẹ̀ lé Màmá dé ilé náà, a bá omi nínú yàrá òkè, yàrá tó ti kùn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀dà ń bó lára ògiri. A bọ́ bàtà, a ká aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì sókè, a ń fi korobá gbọ́n omi. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo ní, “Màmá, ẹ kan páànù yín lọ́la, ẹ jọ̀ọ́! Àwọn wọ̀nyí kò ronú nípa yín rárá.” Ó ní, “Mo ti fún wọn lọ́jọ́, ọjọ́ náà kò tíì pé. Bí tiwọn bá ń yẹ̀, tèmi kì í yẹ̀.” Ó ń gbọ́n omi lọ. Nígbà tó ṣe, mo rí i pé ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọjọ́ náà pé. Ní àárọ̀, kí n tó mu tíì tán, fóònù mi ti ń dún: Ọlọ́kọ̀ ni, ó ní òun ń gbọ́ ìró òòlù. Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ tí ẹ gbà ni. Wọ́n fi dandan lé e pé kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò, kí wọ́n lọ fi ẹjọ́ sùn kí wọ́n lè dá iṣẹ́ náà dúró. Iṣẹ́ mi ni, mo lọ. Obìnrin kan ló gbà wá, tó mọ́ tónítóní, tó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, ó mú báírò.

“Au nom de qui?”

Mo túmọ̀: lórúkọ ta ni? Ọlọ́kọ̀ wo Olójú. Olójú wo Onídígí. Onídígí wo àpò rẹ̀. Obìnrin náà tún un béèrè, ó ní ta lẹ jẹ́, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ wo, ti orílẹ̀-èdè wo, ta ló rán yín? Gbọ́ mi, ọ̀rẹ́ mi, ohun tí Màmá bi mí láàárín páànù ló ń bi wọ́n yìí! Mo kọjú sí fèrèsé kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín lójú mi. Bí wọ́n bá dárúkọ ẹni tó rán wọn, àṣírí tú. Bí wọn ò bá dárúkọ, ẹjọ́ kò sí. Obìnrin náà gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní a kú àbẹ̀wò, ó sì ké sí ẹni tó kàn.

Nínú ọkọ̀ tí a fi ń padà, a ti kọjá ọjà Yassa. Ìró òòlù ti ń dún létí wa. Olójú wá ní, “Èmi máa ra irin náà.” Ọlọ́kọ̀ bi í pé lórúkọ ta ni. Ó ní, “Lórúkọ mi.” Ọlọ́kọ̀ ní wọ́n lè lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ọlọ́kọ̀ wojú títì, ó ní òun máa yíjú sí apá ibòmíràn nígbà tí wọ́n bá ń gbé abọ́ òun. Onídígí ní òun wà nínú ìsinmi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀rín pa wá pọ̀ nínú ọkọ̀ náà, àní Ọlọ́kọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Màmá ni Olójú ti ra irin. Màmá gbà á lálejò, ó dín in fún un, ó sì yá a ní àkàbà àwọn káfíńtà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó dé, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ orí ba, ó ní, “Ẹ kú àná, Màmá,” pẹ̀lú ohùn tí kò jọ Yorùbá rárá. Màmá pa òwò tì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ kú àná o, ọkọ mi. Ìwọ ni mo mọ̀.” Wọ́n ń lu ìṣó mọ́ òrùlé lápá ọ̀hún, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń jó irin ní Bassa ń jó irin lápá ìhín, kò sì sẹ́ni tó dí ẹnìkejì lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n dé lọ́jọ́ tó ní òun máa dé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Kò gbà kí wọ́n mú òun wọlé tààrà. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ sí òdì kejì títì, níbi tí òun ti lè rí gbogbo rẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, oòrùn sì ti yọ. Èmi di ọwọ́ kan mú, Màmá di ọwọ́ kejì mú, àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè kọjá lẹ́yìn wa. Ó yí orí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bí àwọn tí ojú ń dùn ṣe máa ń ṣe, ó ń wá ibi tí ojú rẹ̀ ti kù.

“Pupa ni.”

“Pupa ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ó ga.”

“Ó ga, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mo rí i,” ó ní. “Ọlọ́run ṣeun, mo rí i.” Èmi kò lè wò wọ́n mọ́, mo ń wo títì.

Àwọn àgbààgbà òkè parí ìjà wọn lẹ́yìn náà. Olójú ló sọ bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ fún mi, kò sì rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́: orílẹ̀-èdè Onídígí ti ṣèlérí pé àwọn á ta irú dígí kan náà fún aládùúgbò líle yẹn. Ló bá di pé gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n ṣì wà ní Douala lọ́sàn-án tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà gbéra. Yàrá òkè ni a jókòó sí, àwa mẹ́ta, lábẹ́ páànù tuntun, à ń jẹ ẹ̀pà. Lójijì ariwo ayọ̀ sọ lẹ́yìn odi, Olójú ló ń ké jù.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Kí ni wọ́n ń yọ̀ sí?”

“Ojú kan ni wọ́n gbé lọ sókè, ẹ̀gbọ́n mi,” Màmá ní. “Á máa yí ayé po, á máa wo ilé àwọn ènìyàn.”

“Ṣé á rí ilé yìí?”

Màmá gbójú sókè wo àjà. “Á rí páànù.”

“Ìyẹn náà tó,” ẹ̀gbọ́n ní, ó na ọwọ́ gba ẹ̀pà sí i.

Olójú kò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí nǹkan bá yọrí sí rere fún, wọn kì í bi í léèrè irin. Ó ṣì máa ń kí mi lọ́dọọdún, ó máa ń béèrè Màmá. Nígbà kan mo bi í bóyá ara àbúrò rẹ̀ tó wà ní ibodè le, ó ní ó le, ṣùgbọ́n pé aládùúgbò wọn náà ti ní ojú tirẹ̀ lókè báyìí, wọ́n kàn ń wo ara wọn ni. Èmi ti kúrò ní iṣẹ́ transit. Níbikíbi tí mo bá wà, bí ọ̀gá kan bá ní kí n lọ sọ fún ẹnì kan pé “wọ́n ní”, mo máa ń bi í pé àwọn wo, tí kò bá sì lórúkọ, mi ò ní jẹ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n ní mo le jù. Ó ṣeé ṣe.

Ojú ẹ̀gbọ́n Màmá ṣú pátápátá lẹ́yìn tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí a bá pè é lórí fóònù, kì í béèrè àwòrán mọ́, òun ló ń ṣàpèjúwe ilé náà fún wa. Mo máa ń rò ó nígbà míì pé ojú méjì ló kọjá ní Yassa lọ́dún yẹn. Èyí tó ti ṣú, mo mọ ohun tó rí: òrùlé pupa kan lọ́sàn-án, lẹ́yìn òjò. Èyí tó ṣì ń là lókè, tó ń kọjá lórí gbogbo wa, mi ò mọ ohun tó ń wò, mi ò sì mọ ẹni tó rán an.